Mò ń gbé Àkrà, Kánádà ló ń sanwó fún mi, mi ò sanwó orí fún ẹnì kankan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÀjílété
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn àgbà àtàwọn tá a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bá mi dá sí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, LAUTECH ni mo ti jáde, iṣẹ́ dìsáìnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti kó wá sí Àkrà nítorí ọ̀rọ̀ iná, èèyàn ò lè máa bá òyìnbó ṣe mítìn kí iná máa lọ kó máa bọ̀ bí ẹni tí abìkú ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé àwa ará ECOWAS ò nílò fíṣà, 90 ọjọ́ ni wọ́n ń fún wa. Tó bá ti ku bí ọjọ́ mẹ́ta kó pé, màá wọ mọ́tò lọ sí Aflao, màá fẹsẹ̀ rìn kọjá bodè sí Lòmé, màá jẹ ìrẹsì àti ẹja níbẹ̀, màá sùn mọ́jú, màá padà, wọ́n á tún lu òǹtẹ̀ tuntun. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti ṣe é.

Èyí tí mo lọ lóṣù tó kọjá ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ọ̀gá ímígréṣọ̀n kan gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó ń fi ìka ka àwọn òǹtẹ̀ yẹn níkọ̀ọ̀kan, ó kà á dé ìkarùn-ún, ó gbójú sókè wò mí, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan, ó lu tiẹ̀ mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù bí àwàdà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín o. Wọ́n kàn ní "ìwọ yìí, ta lò ń sanwó orí fún gan-an?" Mo ronú títí. Gánà, rárá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, rárá, ṣebí mi ò sí nílé. Kánádà, rárá, wọ́n ní kọ́ńtíráktọ̀ ni mí, kí n lọ bójú tó tèmi. Ṣé olè ni mò ń jà ni, àbí iṣẹ́ tíṣà ni ò tíì kúrò lára bàbá mi?

Dev_Arówómọlẹ̀
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín jàre. Owó orí kí ni? Èmi tí mo wà nílé gan-an ńkọ́, kànga mi èmi ni mo gbẹ́ ẹ, sólà mi èmi ni mo rà á, ọ̀nà àdúgbò wa àwa la dáwó da òkúta sí i, ọlọ́dẹ tó ń fọn fèrè lóru àwa là ń sanwó ẹ̀ níparí oṣù. Èmi fúnra mi ni káńsù ara mi. Kí ni kí n tún wá máa kó owó fún ẹnì kan fún?

Ìyá_Ìbejì_Tákíé
😂😂😂 "Èmi ni káńsù ara mi." Ẹ jọ̀ọ́ káńsù, ẹ bá wa kó ìdọ̀tí ọjà Jagùn tẹ́ ẹ bá ń kọjá.

Kí n sọ tòótọ́ o. Èmi, ata ni mò ń tà. Kí n tó tú àpò, kí n tó ta ẹyọ kan, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ti dúró lórí mi. Ì báà rọ̀, ì báà gbẹ, mo tà ni o, mi ò tà ni o, màá san án. Èmi ò ní làpútọ́ọ̀pù tí mo lè sá sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba owó ọdún kan mi lóṣù kan ṣoṣo wá ń bi ara yín bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ san. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi nínú.

Bàbá_Ìsàlẹ̀Afọ́n
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, mò ń sọ ọ́ ó ń tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe ẹ dá a lẹ́bi.

Ọmọ tó wà ní Gánà yìí, kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ débẹ̀. Tàmálè, ní àríwá Gánà, ni wọ́n bí èmi sí. Àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kún inú ọjà ibẹ̀ fọ́fọ́, aṣọ, wọ́síwọ́sí, ìlẹ̀kẹ̀, òògùn, kò sóhun tí wọn ò tà, tó o bá rìn nínú ọjà yẹn láàárọ̀ ìkíni Ògbómọ̀ṣọ́ lo máa máa gbọ́. Bàbá mi ní agolo bisikíìtì kan, wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Gbogbo rìsíìtì owó ọjà àti owó káńsù tí wọ́n ti san láti ìgbà tí wọ́n ti débẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fi okùn dì í lọ́dọọdún, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti di àwọ̀ ewé gbígbẹ, tó o bá fà á yóò ya.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà yẹn, kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Bàbá mi gbé agolo yẹn sábẹ́ abíyá, èmi tẹ̀lé wọn, a lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n da rìsíìtì sórí tábìlì, wọ́n ń tò ó lọ́dọọdún. Ọlọ́pàá yẹn ò ṣàfojúdi o, ó wò ó dáadáa, ó ní "Bàbá, owó ọjà lèyí, ìwé ìgbélùú ni mo bi yín." Bó ṣe parí nìyẹn. Ọjà tí wọ́n ṣe ní àwìn, àwọn tó jẹ wọ́n lówó, ilé oníyàrá mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán pánù sí, gbogbo ẹ̀ ló dúró sẹ́yìn. A gun lọ́rì dé Ògbómọ̀ṣọ́, a sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n wọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní "gbogbo owó tó o san fún wọn, èwo ló gbà ọ́?" Bàbá mi ní ilẹ̀ tí àwọn tẹ̀ làwọn san án fún, àwọn ò san án fún Busia. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ti roko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Onílẹ̀ ò bá ọ ro ó, kò bá ọ gbìn ín, kò mọ̀gbà tó o tà á, síbẹ̀ tí iṣu bá ta wàá mú díẹ̀ lọ fún un. Ọmọ tó bá ní òun ò san ìṣákọ́lẹ̀ nítorí pé ojú ọ̀nà oko ò dáa, ṣé ẹ ó fún un nílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?

ỌmọÀjílété
Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀ sà, ara mi bù máṣọ. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ará wa ti wà níbí bẹ́ẹ̀ yẹn.

OjúLọ̀rọ́wà
Tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá ń sọ̀rọ̀ owó orí kó rántí 1969 ilé náà o, ọdún kan náà tí Bàbá ń sọ yìí ni. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn dìde lórí owó orí, Àgbẹ́kọ̀yà, ìlú gbóná, débi pé wọ́n pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé nínú ìjà yẹn. Ọba wa! Ẹ̀jẹ̀ Ṣọ̀ún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ ni pé àwọn àgbẹ̀ yẹn ò ní àwọn ò san rárá o. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn máa san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, nítorí ohun tí ìjọba bù lé wọn lórí ju agbára wọn lọ, owó kòkó ò sì dáa. Ẹni tó ń fi ọkọ́ jẹun nígbà yẹn ní òun máa san ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Ẹni tó ń jẹ dọ́là lónìí ní òun ò san kọ́bọ̀. Ẹ bá mi wo ìyẹn náà.

Dev_Arówómọlẹ̀
Ẹ ti fi ìtàn lù mí pa tán 😅 àmọ́ ẹ dáhùn èyí. Barbados, July 2020, nígbà kòró, wọ́n gbé fíṣà kan jáde fún àwa oníṣẹ́ rímóòtù, ọdún kan gbáko, $2,000 lowó ìwé ẹ̀, wọ́n ní ẹ máa bọ̀, a ò ní gba owó orí lórí owó iṣẹ́ yín. Kroatíà náà ṣe irú ẹ̀. Ṣé àwọn ìyẹn ya wèrè ni? Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá wá máa jẹun, máa gbalé, máa wọ mọ́tò, owó ẹ̀ á sì wọ ìlú. ỌmọÀjílété ń ra nǹkan ní Àkrà, VAT, owó orí tí wọ́n ń bù mọ́ ọjà, wà lórí ẹ̀. Ó ń san nìyẹn.

Bàbá_Ìsàlẹ̀Afọ́n
Onílẹ̀ Barbados ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kó má san. Ẹni tí onílẹ̀ yọ̀ǹda fún yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn oko wọlé.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé
Bàbá ti parí ẹ̀ 🙌🙌 VAT kẹ̀, ṣé èmi tí mò ń ra nǹkan ilé fún àwọn ọmọ mi ò san VAT ni, wọ́n sì tún ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi.

Akáńtì_Ọwọ́dẹ (Ọ̀yọ́)
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀, iṣẹ́ mi nìyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé owó iṣẹ́ kì í tẹ̀lé báǹkì tó wọlé sí. Ibi tí ìdí ẹ bá fi jókòó tó o fi ṣiṣẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú kà sí orísun owó náà. Kánádà ò sọ pé kó o san fún àwọn nítorí o ò sí lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ò wá sọ pé o ò jẹ ẹnì kankan.

Àbúrò mi ní Àkrà, gbọ́ èyí dáadáa. Ní Gánà, tó o bá ti lo 183 ọjọ́ láàárín oṣù méjìlá, ará ilé lo jẹ́ lójú àwọn olówó orí, gbogbo owó tó ń wọlé fún ẹ láti ibikíbi ló kàn wọ́n, ó sì lè gòkè dé 35% fún ẹni tówó ẹ̀ bá pọ̀. Lòmé tó ò ń lọ sùn yẹn, òǹtẹ̀ ímígréṣọ̀n ló ń tún ṣe, kò tún ti owó orí ṣe. Olówó orí kì í ka òǹtẹ̀, àpapọ̀ ọjọ́ tó o lò ló ń kà, o sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ẹ̀. Nítorí náà ohun méjì lò ń jẹ wọ́n, ìwé ìgbélùú, torí 90 ọjọ́ yẹn fún àlejò tó wá kí èèyàn ni, kì í ṣe fún ẹni tó gbalé, àti owó orí. Ọ̀dọ̀ ímígréṣọ̀n ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, tí ìwé bá jáde wàá gba káàdì Gánà ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú, káàdì yẹn náà ló máa mú ẹ dé ọ́fíìsì owó orí. Ìparí April ni wọ́n máa ń fẹ́ kí ìwé ọdún tó kọjá wọlé.

Dev, ìwọ ni mo ń bọ̀ wá bá báyìí, má sá o. Òfin owó orí tuntun tí Tinubu fọwọ́ sí ní June 2025 ti ń ṣiṣẹ́ láti 1 January 2026. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ì báà jẹ́ London ló ń sanwó fún un, owó yẹn wọnú òfin. Ìpínlẹ̀ tó ò ń gbé ló ni ín, ìyẹn Ọ̀yọ́, ìwọ fúnra ẹ ló sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ fún wọn kó tó di 31 March, torí kò sí ọ̀gá tó máa bá ẹ yọ ọ́. Kò burú tó bẹ́ ẹ ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù kan náírà ló ń wọlé fún ẹ lóṣù, mílíọ̀nù méjìlá lọ́dún. ₦800,000 àkọ́kọ́, òdo. Mílíọ̀nù méjì àti igba ẹgbẹ̀rún tó tẹ̀ lé e, 15%, ìyẹn ₦330,000. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó kù, 18%, ₦1,620,000. Àpapọ̀ ẹ̀, ₦1,950,000. Tó o bá ń san rẹ́ńtì ₦600,000, wọ́n á yọ ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bù lé, owó orí ẹ á wálẹ̀ sí ₦1,928,400. Kó o gba rìsíìtì rẹ́ńtì ẹ lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù o, ibẹ̀ ni ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń ṣubú sí, ẹ á sanwó ẹ á bọwọ́ lọ́wọ́ ẹ á lọ.

Ìbéèrè kan, ỌmọÀjílété. Ilé iṣẹ́ ẹ ní Kánádà, wọ́n mọ̀ pé Àkrà lo wà?

Dev_Arówómọlẹ̀
₦1.95m kẹ̀ 😭 ẹ̀gbọ́n ẹ ti bà mí lọ́kàn jẹ́ láàárọ̀ yìí

ỌmọÀjílété
Ẹ̀gbọ́n, kí n má purọ́. Wọn ò mọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nínú ìwé mi. Mo máa ń tan VPN, èyí tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Alágbàṣe_UnderG
Háà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ rí, tí ọmọ iṣẹ́ bá jókòó sí ìlú kan tí ilé iṣẹ́ ò mọ̀, ìjọba ìlú yẹn lè ní ilé iṣẹ́ yín ti ń ṣòwò lọ́dọ̀ àwọn láìgbàṣẹ, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn bá dé, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Sọ fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Kọ ọ́ ní ṣókí, má bẹ̀bẹ̀ jù, má sọ̀rọ̀ jù.

Ará_Wa_Lisbon
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀. Pọ́túgà ni mo wà, fíṣà D8 tàwọn oníṣẹ́ rímóòtù ni mo bá wọlé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní October 2022, èèyàn gbọ́dọ̀ máa gba owó tó tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù níbí kí wọ́n tó fún un. Mò ń sanwó orí mi, mi ò ní parọ́ pé inú mi ń dùn tí mo bá ń san án. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ kọjá owó orí. Àdúgbò tí mo kọ́kọ́ dé, ìyá arúgbó kan wà nísàlẹ̀ ilé wa, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀" ní èdè wọn. Oṣù kẹjọ tí mo débẹ̀, wọ́n sọ rẹ́ńtì ẹ̀ di ohun tí owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ò ká, ọmọ ẹ̀ wá fi mọ́tò kó ẹrù ẹ̀ lọ. Irú èmi ló wọ yàrá yẹn, kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kò mọ orúkọ ẹnì kankan láàárín àdúgbò. July 2025 ni àwọn èèyàn Mexico City bọ́ sí ìgboro lórí irú ẹ̀, wọ́n ní àwọn olówó òkèèrè ti lé àwọn kúrò ní àdúgbò àwọn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ basubasu. Àwa là ń tẹ̀ ẹ́ basubasu yẹn.

ỌmọÀjílété
Ọ̀rọ̀ Lisbon yìí ló mú mi jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò kọ sókè. Yàrá tí mò ń gbé yìí, Madina ni, obìnrin kan tó ń ta kelewele, dòdò aláta wọn, ló wà níbẹ̀ kí n tó dé. Òfin rẹ́ńtì wọn láti 1963 ní oṣù mẹ́fà ni láńlọ́ọ̀dù lè gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún kan, ọdún méjì ni wọ́n ń bèèrè. Obìnrin yẹn ń san án díẹ̀díẹ̀. Èmi dé, mo ka owó ọdún méjì sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń yangàn pé mi ò dúnàá-dúrà. Ó ṣì ń ta kelewele ẹ̀ ní ìkóríta wa títí dòní o, ó máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn nírọ̀lẹ́. Mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó máa ń fún mi ní ènì. Kò mọ̀ pé èmi ni.

OjúLọ̀rọ́wà
Ó mọ̀. Àwọn olóúnjẹ mọ gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò.

Dev_Arówómọlẹ̀
Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi díẹ̀ o. Kí wọ́n ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn kó dáa, kí tírélà yé pa wá, owó orí á jáde lápò mi wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Akáńtì, mo ti wá nọ́ńbà yín nínú púrófáìlì yín, mo ní kí n kàn béèrè nǹkan kékeré kan lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe pé mo gbà o.

Akáńtì_Ọwọ́dẹ
Mo ti gbọ́. Kí rìsíìtì rẹ́ńtì wà lọ́wọ́ kó o tó pè mí.

ỌmọÀjílété
Ẹ káàsán o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́, ìlà márùn-ún péré bí Alágbàṣe ṣe sọ. Ọ̀gá mi pè mí, ohùn ẹ̀ ò dùn, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ́yà wọn wò ó, ó ní kí n pa VPN yẹn. Wọn ò tíì lé mi. Mo lọ sí ímígréṣọ̀n lọ́jọ́ Tuesday, laini gùn, obìnrin tó dá mi lóhùn bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti wà níbí, ẹnu mi fẹ́ sọ oṣù méjì, mo ní oṣù mẹ́rìndínlógún. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ìtanràn máa wà níbẹ̀ o, mo ní mo mọ̀. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n mú ìwé ilé, ìwé iṣẹ́ àti fọ́tò wá. Bàbá mi ní kí n ra agolo bisikíìtì 😂 mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìsàlẹ̀ Afọ́n sí wọn létí lórí fóònù.

Ohun tó kù ni ti owó orí fúnra ẹ̀, torí ti ọdún tó kọjá wà nílẹ̀ tí mi ò kọ. Ṣé ẹnì kan mọ akáńtì ní Àkrà tó gbọ́ Yorùbá, tí kò ní gbẹ́mìí mi?

Ìyá_Ìbejì_Tákíé
Àbúrò ọkọ mi wà ní Accra New Town, ibi tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé ìgbà kan, ìyàwó ẹ̀ ń bá àwọn oníṣòwò kọ ìwé owó orí. Màá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé Ìyá Ìbejì aláta ló rán yín, tí ẹ bá sì ń bọ̀ nílé, ẹ bá mi ra ẹja gbígbẹ Tema.